Ilé Orí Òkè Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Òkú

Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Oòrùn wà lókè, àwọn èèyàn ń kọjá lójú títì, mo ti jẹun yó, ara mi sì dá ṣáṣá. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe ibà. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kò burú. Èmi náà, ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi ni, màá ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Èèyàn mẹ́ta péré ni mo tíì sọ ọ́ fún. Ọ̀kan ti kú. Ọ̀kan kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni àlùfáà ìjọ wa, òun náà ní kí n lọ sinmi.

Ayé ṣọ́jà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ mọ bó ṣe rí. Wọ́n ní ká fara dà á, pé ó ń bọ̀ wá dáa. A fara dà á títí kò fi sí ara tá a máa fi dà á mọ́. Epo ò sí, kẹrosíìnì ò sí, búrẹ́dì kéré bí ọṣẹ ìfọwọ́. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ fi í sílẹ̀ fún koríko, nítorí sìmẹ́ǹtì ti di ohun tí èèyàn ń rí lókèèrè.

Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n parí ní Poli, ní Ẹdẹ. Oṣù mẹ́rin yẹn di ọdún kan ó lé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kó ẹrù wọn lọ sílé. Èmi dúró, nítorí Kúnlé.

Kúnlé ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan láàárín ìlú, èèyàn jẹ́jẹ́, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè. Àwọn òbí wa ti mọ ara wọn. Ìdána ló kù.

Mo ní iṣẹ́ kékeré kan tí mò ń ṣe. Obìnrin kan wà lọ́nà Poli tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tólú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èmi sì ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ Màmá Tólú ló ni ín. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, ìlú òyìnbó ló ti gbé e bọ̀ nígbà tó lọ kàwé sí i. Ó kú ní bí ọdún méjì ṣáájú ìgbà tí mò ń wí yìí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Màmá Tólú gbé kọ̀ǹpútà kúrò ní yàrá, ó gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, òun ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin.

Èmi ò mọ ọkùnrin yẹn rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mi ò rí fọ́tò rẹ̀ pàápàá rí.

Nígbà tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ìwé tá a máa tẹ̀. Màmá Tólú á lọ sí ọjà Alájué láàárọ̀ lọ ra gààrí tó fẹ́ tà, á ní kí n máa jókòó, bóyá oníbàárà á yà wọlé. Oníbàárà wo? Èmi nìkan, àga méjì, àti kọ̀ǹpútà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú rẹ̀ wò. Bí mo ṣe rí géèmù yẹn nìyẹn.

Mi ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ ni jagunjagun kan tó ń rìnrìn àjò nínú ayé tí iwin àti ẹranko abàmì kún inú rẹ̀. Wàá pa ejò olórí méjì, wàá wọ inú ihò òkè, wàá kó idà, ẹ̀wù irin, òkúta olówó iyebíye. Ó dùn ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, bàtà mi ti lu nísàlẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni mo ti jẹ́ èèyàn pàtàkì.

Wàhálà ibẹ̀ ni ilé.

Bí o kò bá nílé, o ò lè tọ́jú ohunkóhun. Ẹrù á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wàá máa da idà tó dáa nù sójú ọ̀nà. Èyí tó wá burú jù ni pé orí ibùsùn tìẹ nìkan lo ti lè sùn kí kọ̀ǹpútà fi lè rántí ibi tí o bá eré dé. Bí o kò bá tíì ra ilé, tí iná bá lọ, gbogbo ohun tí o ti ṣe dòfo. Wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ẹ wá rò ó wò. Iná, láyé ṣọ́jà!

Màá jókòó láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Màá jà, màá jà. Tó bá di ọ̀sán, tí mo ti rí wúrà tó tó ra ilé, tí mo ti dé ìlú tí wọ́n ti ń tà á, tí mo ti na ọwọ́, pó! Iná á lọ. Onígbàjámọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á ké, èmi náà á ké. Lọ́jọ́ kan mo sunkún. Lóòótọ́ ni mò ń wí. Àgbàlagbà obìnrin tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, mò ń sunkún nítorí ilé inú eré.

Nígbà tó yá, iná dúró di àṣálẹ́ lọ́jọ́ kan, mo rí ilé rà. Ahéré kan lẹ́bàá irà ni, òun ló pọ̀ jù tí wúrà mi ká. Mo kó ẹrù mi sínú rẹ̀, mo sùn. Nígbà tí mo jí, eku ti jẹ ìdajì. Bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà nìyẹn: bí o bá sùn síbẹ̀, eku á jẹ ẹrù rẹ. Mo jà fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, mo tà á, mo ra yàrá kan lókè ilé ọtí. Níbẹ̀, olè ni. Mo sùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kó mi ní idà. Mo sùn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kó ẹ̀wù irin. Orí ń gbóná fún mi débi pé mo ń bínú sí Kúnlé tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ilé kẹta wà. Orí òkè ló wà, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, fèrèsé mẹ́sàn-án, ọgbà yí i ká. Kò sí eku, kò sí olè. Àmọ́ orúkọ kan ti wà lẹ́nu géètì rẹ̀: BABA TOLU.

Ọkọ Màmá Tólú ti ra ilé yẹn kó tó kú. Ẹni méjì lè máa ṣe géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà kan, ṣùgbọ́n ilé tí ẹnì kan bá ti rà, ẹnì kejì ò lè rà á mọ́, àfi bí wọ́n bá pa orúkọ ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. O lè wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, kí o wò yí ká. Mo wọlé. Ó tún ibẹ̀ ṣe! Ìwé tò lórí pẹpẹ, idà kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkọ́ tirẹ̀, àga méjì dojú kọ ara wọn níwájú ààrò. Nínú yàrá kan lókè, ibùsùn kéékèèké mẹ́rin wà níbẹ̀.

Kí ni jagunjagun fẹ́ fi ibùsùn mẹ́rin ṣe? Ohun tí mo bi ara mi nìyẹn. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́rin ni Màmá Tólú ní, mo sì mọ gbogbo wọn lórúkọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan tí olè ilé ọtí tún kó mi lẹ́rù, mo ní ó tó. Òkú kì í ṣe géèmù. Kí ni òkú fẹ́ fi ilé ṣe? Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń pa orúkọ rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ fún Màmá Tólú. Kò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi láti sọ fún un.

Mo ta yàrá ilé ọtí, mo fi wúrà tí mo ti kó jọ kún un, mo ra ilé náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ta àwọn ìwé. Mo ta ibùsùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n lè ráyè to ẹ̀wù irin. Mo sùn, mo jí, ẹrù mi pé. Inú mi dùn débi pé mo kọrin lọ sílé.

Ọjọ́ kejì ni. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán.

Mo wà nínú ilé orí òkè, mò ń to nǹkan. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ọkùnrin kan lẹ́nu géètì.

Àwọn èèyàn inú géèmù yẹn kì í dúró sójú kan. Wọ́n á rìn lọ, wọ́n á rìn bọ̀, aṣọ ayé àtijọ́ àwọn òyìnbó ló wà lọ́rùn wọn. Eléyìí ò mira. Aṣọ aláwọ̀ eérú ló wọ̀, ṣòkòtò àti ẹ̀wù rẹ̀ bára mu. Jagunjagun tèmi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọjú sí jagunjagun. Ojú kọ̀ǹpútà ló kọjú sí. Èmi tí mo jókòó sórí àga ló kọjú sí.

Mo tẹ bọ́tìnì tí èèyàn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá jáde nísàlẹ̀, nínú àpótí tí ọ̀rọ̀ máa ń wà, lẹ́tà kan náà, àwọ̀ kan náà:

TA LO WA NILE MI

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Yorùbá ni. Nínú géèmù tí àwọn òyìnbó ṣe, tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òyìnbó nínú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní olóògbé yìí mọ kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ó ti fi eré sí i fún ẹni tó bá fẹ́ gba ilé rẹ̀. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ.

Fáànù dúró. Ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ dákẹ́, mo gbọ́ tó ń ṣépè. Rédíò tó ń dún níwájú dákẹ́. Gbogbo àdúgbò ké lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe máa ń ké.

Kọ̀ǹpútà ò kú.

Kò sí jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Kò sí bátìrì kankan. Mo dìde, mo fa wáyà rẹ̀ yọ kúrò lára ògiri. Mo di wáyà náà mú lọ́wọ́ mi báyìí, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mọ́lẹ̀ kedere, ọkùnrin náà sì ṣì dúró lẹ́nu géètì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pa rẹ́. Òmíràn jáde:

MO N BO

Lẹ́yìn náà ló kú.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Onígbàjámọ̀ ní, "Sístà, kí ló dé?" Mo ní ooru ni.

Yàrá kan ni mo gbà nílé Alhaja kan nítòsí ọjà. Àgbà obìnrin ni, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, kò sí ẹni tó máa wọlé tí kò ní rí. Bí mo ṣe dé, kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn tán, wọ́n ní, "Ọkùnrin kan wá bi ọ́ léèrè lónìí."

"Ta ni, mà?"

"Kò dárúkọ. Ó ní ṣé ibí ni ọmọbìnrin tó wà nílé òun ń gbé. Mo ní ilé wo? Ó ní kí n ṣáà sọ fún ọ pé òun wá."

"Báwo ló ṣe rí, mà?"

"Ó mọ́ tónítóní. Sàfárì aláwọ̀ eérú ló wọ̀. Àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni, sìmẹ́ǹtì bò ó dé orúnkún bí ẹni tó ń po kọnkéré. Mo fún un lómi, kò mu." Alhaja wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé ọkọ ẹlòmíràn kọ́ lò ń bá kiri?"

Kí ni kí n sọ? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n. Kí ni èmi ì bá sọ fún Alhaja?

Ọkùnrin náà tún wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ó tún wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ìgbàkígbà tí mi ò bá sí nílé ló ń wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Nígbà kẹta, Kúnlé ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí nígbà tí Alhaja jíṣẹ́ rẹ̀.

Kúnlé ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Ilé ta lo wà?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Kúnlé, inú kọ̀ǹpútà ni."

"Inú kọ̀ǹpútà."

"Ilé kan wà lórí òkè, mo gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni náà ti kú."

"Ẹni tó ti kú ló wá síbí lọ́sàn-án òní, tó bá Alhaja sọ̀rọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé mo ti ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́. Ká ní mo parọ́ ni, irọ́ náà á dùn gbọ́ ju òótọ́ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá rẹ̀ ti gbọ́ pé olówó kan gba ilé fún mi sórí òkè. Ibo lòkè ọ̀hún wà? Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀.

Mo wá lọ bá Màmá Tólú. Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó lanu, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Eré kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tí Dádì Tólú máa ń ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ ó kọ́ mi bí màá ṣe ṣí i. Lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń wá ṣí i wò. Ó máa ń dúró síwájú ilé rẹ̀. Mo máa wò ó díẹ̀, màá pa á. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ṣí i, mi ò rí i mọ́. Bá mi wá a."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ò lanu.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí mo pa rẹ́, ìwé tí mo tà, ibùsùn mẹ́rin. Mo sọ ti ọkùnrin ẹnu géètì, mo sọ ti wáyà, mo sọ ti Alhaja. Mo ń dúró kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí.

Kò gbá mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀rẹ́ débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn.

"Sàfárì aláwọ̀ eérú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òun la fi sin ín." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé ó bèèrè mi?"

Mo wò ó. Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Rárá, mà. Ilé nìkan ló ń bèèrè."

Ó mi orí rẹ̀ bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé ọkọ òun ń kọ́lé lọ́nà ìlú Ara kó tó kú. Ó kọ́ ọ dé orí fèrèsé, sìmẹ́ǹtì gbówó lórí, owó oṣù ò jáde, ó dúró. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń lọ síbẹ̀ lọ dúró. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Ìdí géèmù ló ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì gun ọ̀kadà lọ sọ́nà Ara. Mo ti rò ó pé nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ilé náà wà nínú igbó, koríko ga dé àyà mi, igi ìbẹ́pẹ ti hù láàárín pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò mọ̀ ni." Màmá Tólú pè é ní oríkì rẹ̀, ó ní, "Àkànní, ọmọ kékeré ni, fi í sílẹ̀." A dúró.

Kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ pàápàá ò fẹ́. Aláǹgbá kan wò wá, ó bá tirẹ̀ lọ. A tún gun ọ̀kadà padà.

Mo ní kò burú, màá dá ilé rẹ̀ padà fún un. Mo fi orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ géèmù náà, lẹ́tà kan náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo jà fún un. Ejò olórí méjì yẹn, iye ìgbà tí mo pa á kò lóǹkà! Iná á lọ, màá tún bẹ̀rẹ̀. Màmá Tólú á jókòó tì mí, á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi. Odindi oṣù kan. Lọ́jọ́ tí mo wá kó wúrà tó pé dé ẹnu géètì ilé orí òkè, kọ̀ǹpútà ní ilé náà kì í ṣe títà. Ó ní ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀. Mo wo ẹnu géètì, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ti fi ọwọ́ ara mi pa orúkọ tèmi rẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ọwọ́ lu tábìlì. Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́, sà? Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Màmá Tólú ní kí n má pariwo mọ́ ọn.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ọkùnrin náà ò yéé wá sílé Alhaja.

Kúnlé ní òun máa dúró dè é. Ó ní bóun bá rí i lójúkojú, ọ̀rọ̀ á tán. Ó gbàyè níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ilé láti àárọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. Ó ní tí kì í bá ṣe irọ́ ni mò ń pa, kí ló ń bà mí lẹ́rù?

Mo dé láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kúnlé wà lórí bẹ́ńṣì náà, ó tẹ orí ba. Alhaja yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó wá," Alhaja sọ ọ́ sí mi létí. "Mo ń kírun Àílà ọ̀sán lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin méjì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàdéhùn. Nígbà tí mo ṣe sàlámà tán tí mo jáde, kò sẹ́nìkankan. Kúnlé pàápàá ò sí. Àìpẹ́ yìí ló padà dé."

Mo lọ bá Kúnlé. Bàtà rẹ̀ funfun. Ṣòkòtò rẹ̀ funfun dé orúnkún. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, ó le, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, sìmẹ́ǹtì gbẹ sábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Kúnlé, kí ló sọ fún ọ?"

"Má bi mí."

"Ibo lo lọ?"

"Mo ní má bi mí." Kò wò mí lójú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọ tó fẹ́ sùn: "Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí gan-an ni."

Ó dìde, ó lọ. Ìgbà ìkẹyìn tí a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn ará ilé wọn wá bá àwọn òbí mi lóṣù tó tẹ̀ lé e pé ọmọ àwọn ò ṣe mọ́. Kò sí àlàyé kankan. Mo kọ lẹ́tà, kò fèsì. Mo lọ sílé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ó ti gba ìlú mìíràn lọ. Ọdún yìí ni mo rí nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo pè é. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló pa fóònù. Ohun tí òkú sọ fún un, èmi ò mọ̀ ọ́n títí dòní, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ mí lọ́kàn ju ìfẹ́ tó dàrú lọ.

Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tó yá. Mo parí, mo kúrò ní Ẹdẹ. Màmá Tólú ta kọ̀ǹpútà yẹn kó tó di olóògbé, mi ò mọ ẹni tó rà á. Mo ti gbé ilé mẹ́fà láti ìgbà náà, ní ìlú mẹ́ta. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, bó pẹ́ bó yá, onílé á sọ fún mi pé ọkùnrin kan wá bi mí léèrè, ó ní òun máa padà wá. Èmi fúnra mi ò pàdé rẹ̀ rí.

Mo ti lọ́kọ báyìí, a ti bímọ. A ra ilẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọkọ mi fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀, èmi ni mi ò jẹ́. Ó ní kí ni mo ń dúró dè? Ó ti bínú títí, ó ti rẹ òun náà. Mi ò lè sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí kí ọkùnrin náà má wá mú òun náà lọ po sìmẹ́ǹtì.

Ẹ̀yin tí ẹ wá ń gba fóònù òkú lò lónìí, tí ẹ ń jogún ẹ̀rọ òkú, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá bá orúkọ ẹnì kan nínú rẹ̀, ẹ má yára pa á rẹ́, ẹ má sọ pé àyè ló kéré, ẹ má sọ pé eré ni. Ẹ bi àwọn tí ó fi sílẹ̀ sáyé léèrè ná. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí onítọ̀hún fi ṣe ilé.